Ìdọ̀bálẹ̀ Olóyè Sàídì

Bí ẹ bá rí Olóyè Sàídì ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì yẹn, ẹ ó rò pé ìyàwó tuntun ló fẹ́ lọ gbé. Ó wẹ̀, ó para, ó wọ agbádá sányán tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó wé láwàní lé e. Nígbà tó jáde nílé Alápó ní Ọ̀rányàn, àwọn obìnrin tó ń gbálẹ̀ ojúde kí i, kò dá wọn lóhùn. Kì í ṣe ìgbéraga o. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ lọ sọ nílé ìgbìmọ̀ ló ń kà sínú bí ọmọ ilé-kéwú, ẹ̀rù sì ń bà á kí ó má baà gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀.

Sàídì ni Mọ́gàjí ilé Alápó. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n mú un wọ ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn, òun ló sì kéré jù níbẹ̀. Ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà ni ìjókòó rẹ̀ wà, níbi tí oòrùn ti ń jó èèyàn lẹ́yìn ọrùn. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Bí àwọn àgbà bá sọ tiwọn tán, tí wọ́n bá rántí, wọ́n á ní, "Sàídì ńkọ́?" Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í rántí. Àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, Olóyè Oyèdélé ti Bẹẹrẹ, àgbà tí gbogbo ìgbìmọ̀ ń wo ojú rẹ̀ kí wọ́n tó yanu, ti ránṣẹ́ sí i pé kó múra, wọn yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí àwọn tó ti ogun Jámánì dé. Nígbà tí ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, òyìnbó Ajẹ́lẹ̀ ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú ọkùnrin wá tí yóò máa ru ẹrù àwọn sójà lọ sí Kamẹrúùnù. Sàídì ló yan ti ilé Alápó. Àkíbù ló yàn, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀, nítorí pé Àkíbù lágbára, kì í sì í ṣàròyé. Àkíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin kòkó sóko rẹ̀ lẹ́yìn odò Ọ̀nà nígbà náà, ewé rẹ̀ kò tíì ga ju orúnkún lọ. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró kí ó fìdí múlẹ̀. Sàídì ní kó máa lọ, òun yóò máa bá a bójú tó o. Ó sì lọ.

Ìlérí yẹn ò tọ́jọ́. Wọ́n sọ láàárín ìlú pé gbogbo aláàárù tó lọ ti kú sórí òkè níbẹ̀. Ni Olóyè Oyèdélé, tí oko rẹ̀ bá ti Àkíbù pààlà, bá da àwọn èèyàn rẹ̀ wọbẹ̀. Kúlúsúmù, ìyàwó Àkíbù, tó ti ń fọwọ́ ara rẹ̀ tu koríko ìdí kòkó láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, ni wọ́n lé jáde tòun tọmọ lẹ́yìn. Sàídì lọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ níwájú àwọn èèyàn Oyèdélé. Wọ́n bi í bóyá òkú ló fẹ́ kó wá máa roko. Ó padà sílé.

Òkú wá dé. Lọ́dún tí àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn káàkiri ni Àkíbù wọlé, pẹ̀lú ikọ́ tí kì í jẹ́ kó sùn. Jìgá ti jẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tán lọ́nà ibẹ̀, dókítà àwọn sójà sì ti gé ìyókù kúrò, igi ló fi ń rìn. Nígbà tó sinmi díẹ̀, ó rọra rìn lọ sẹ́yìn odò Ọ̀nà, ó dúró lókèèrè, ó wo oko rẹ̀. Nígbà tó padà dé, ohun kan ṣoṣo tó sọ fún Kúlúsúmù ni pé kòkó náà ti so.

Ẹ wò ó, bí ẹni tó jí nǹkan ni Sàídì ń ṣe nínú ilé ara rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Bó bá gbọ́ ìró igi Àkíbù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á ranjú mọ́ ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Àkíbù kò bá a wí, kò dá a lẹ́bi. "Bàbá" ló ń pè é, bó ti ń pè é tẹ́lẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dun Sàídì jù.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ó lọ sí Àrẹ̀mọ, ó lọ sí Bẹyẹrúnká, ó lọ sí ìsàlẹ̀ òkè Màpó, ó ń bi wọ́n léèrè ta ló ti ogun dé nílé wọn. Ó rí ẹni tí ojú rẹ̀ ti fọ́. Ó rí ẹni tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti lu ìkòkò, abẹ́ ẹní ló ń sá wọ̀. Àwọn kan ń jókòó ní Ọjà'ba, wọ́n tẹ́wọ́, àwọn tó ń tajà sì ń lé wọn kúrò níwájú igbá wọn. Ó rí àwọn mìíràn tí ara wọn ṣì le, àmọ́ tí ẹlòmíràn ti ń ro oko wọn. Lákòókò yẹn kan náà, olè ń yọ ìlú lẹ́nu, wọ́n ń lu ògiri ilé wọlé lóru, kódà wọ́n ti lu ti aláṣọ kan ní Bẹẹrẹ. Sàídì pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó fẹ́ kí ìlú máa bọ́ àwọn ọkùnrin yẹn, kí wọ́n máa gbé àwọn aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí àwọn tó bá lè dúró di ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ìlú, kí oko wọn sì padà sọ́wọ́ wọn kí òjò tó rọ̀, kí àdúgbò bá wọn ro ó. Àwọn yòókù dára o, ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé kò dára. Àmọ́ ọ̀rọ̀ oko yẹn ló gbé e dìde, torí Àkíbù ló sì ṣe gbé e dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe nílé ìgbìmọ̀ nígbà náà, kí ọ̀rọ̀ má baà rú yín lójú. Wọn kì í nawọ́, wọn kì í dìbò. Bí àgbà bá dájọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà wá yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni pé ó gbà. Bí wọ́n bá ti ní kó dìde, tó sì dìde, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, ẹni tó bá tún hú u jáde, àgbà ló pè lópùrọ́. Bí ohun kan bá kù tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gbé orí sókè kí wọ́n tó ní kó dìde, kó ní, "Bàbá, ó ku ibì kan." Ẹnikẹ́ni ò lè bá a jà. Àmọ́ ojú á tì í, torí pé gbogbo ilé ló máa yíjú sí i.

Sàídì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò gbàgbé nǹkan kan. Ajẹ́lẹ̀ jókòó sórí àga gíga, Japheth akọ̀wé, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ń túmọ̀ fún un, ń sọ ọ́ sí i létí. Àwọn àgbà tí wọn kì í wo ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ wò ó. Nígbà tó ṣàpèjúwe ọkùnrin tó ń sá wọ abẹ́ ẹní, àgbà kan fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Orí Sàídì wú. Ó jókòó, Oyèdélé sì wúkọ́ díẹ̀ kó tó gba ọ̀rọ̀.

"Sàídì, o ṣeun. Ọmọ wa ni wọ́n, ebi ò ní pa wọ́n níṣojú wa. Ìlú ni yóò máa bọ́ wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ ò yá, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ìjọba. Ẹni tó bá lè dúró, kí á fún un láṣọ àti kùmọ̀, kó máa ṣọ́ Ọjà'ba títí dé Bẹẹrẹ."

Ayọ̀ gbé Sàídì. Kò dúró. Ó ju ara rẹ̀ sílẹ̀, agbádá sányán fọ́n ká, iwájú orí rẹ̀ kan ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa, ó ń dúpẹ́. Àmọ́ Oyèdélé kò tíì sọ̀rọ̀ tán. Ó ń bá tirẹ̀ lọ lókè orí rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ga, kò sì rẹlẹ̀.

"Ẹni tó bá ń ṣọ́ ìlú lóru, ọ̀sán ni yóò máa sùn. Kò ráyè oko. Nítorí náà, ẹni tí oko wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa ro ó lọ."

Sàídì gbọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn fún yín. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí dé ìdí, òógùn sì bò ó lórí ilẹ̀ tútù yẹn. Gbogbo ohun tó kù kò ju kó gbé orí sókè lọ. Ó rò ó. Ó rò pé wọ́n lè bínú gba oúnjẹ àti dókítà padà, èyí jẹ́ òótọ́ díẹ̀. Ó rò pé wọ́n á ní ọmọ tí àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé ń já Oyèdélé nírọ́ lójú òyìnbó. Èyí tó sì wúwo jù lọ́kàn rẹ̀ ni pé wọn ò ní bi í mọ́ láé pé, "Sàídì ńkọ́?" Oyèdélé dúró dè é. Ó dúró pẹ́ díẹ̀, ó tilẹ̀ tún wúkọ́. Orí Sàídì ò kúrò nílẹ̀. Ni bàbá náà bá ní kó dìde, ó dìde, gbogbo ilé sì ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ délé. Wọ́n ń kí i láti Ọjà'ba títí dé ẹnu ọ̀nà Alápó pé ó kú iṣẹ́ ìlú. Àkíbù jókòó lórí àpáta ojúde, ó ń pọ́n ọkọ́ tuntun kan, Kúlúsúmù dúró tì í. Obìnrin náà kò tilẹ̀ jẹ́ kó bọ́ bàtà tó fi béèrè pé oko àwọn ńkọ́.

Sàídì ní wọn ò dá a padà. Ojú Kúlúsúmù yí padà. Ojú yẹn ni Sàídì ò lè gbà. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti ń sọ fún wọn pé ayọ̀ ló mú òun dọ̀bálẹ̀ ní àárín ọ̀rọ̀, pé etí òun dí mọ́lẹ̀, pé ìgbà tí òun dìde tán ni òun tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oko wà lẹ́yìn. Ó ní òun ò gbọ́. Irọ́ náà jáde wọ́ọ́rọ́, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu rẹ̀ látijọ́.

Àkíbù gbé ọkọ́ sílẹ̀. Ó rò ó lọ títí, ojú rẹ̀ sì là.

"Àṣìṣe nìyẹn, bàbá. Ohun tí èèyàn ò gbọ́, kò lè gbà á. Olóyè Oyèdélé kì í ṣe ọmọdé, bí a bá lọ ṣàlàyé fún wọn, wọ́n á gbọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ẹ ò rí wàhálà? Sàídì ní ara òun ń gbóná. Lọ́jọ́ kejì, ó ní àlejò ń bọ̀. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó ní Oyèdélé ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ kò rán ẹnikẹ́ni lọ wò ó. Láràárọ̀ ni Àkíbù ń wá síwájú ìlẹ̀kùn rẹ̀, yóò ti wẹ̀, yóò ti dé fìlà, yóò gbára lé igi rẹ̀, yóò ní, "Bàbá, ṣé ara ti yá?" Bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ ìlú ti ń dé fún àwọn ọkùnrin yẹn ní ti gidi. Wọ́n gbé afọ́jú Àrẹ̀mọ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn ọlọ́dẹ tuntun ń ti Ọjà'ba rìn dé Bẹẹrẹ, ọjọ́ díẹ̀ sì kọjá tí wọn ò lu ògiri ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá ọlọ́jà ń fi orúkọ Sàídì gbàdúrà. Bí wọ́n bá ti ń gbàdúrà, ó ń yára kọjá.

Ọjọ́ kan ó pàdé Japheth nísàlẹ̀ Màpó. Akọ̀wé náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lọ bá Olóyè Oyèdélé lórí ọ̀rọ̀ tí bàbá ò gbọ́. Ó wo ilẹ̀ díẹ̀, ó ní kí bàbá má bínú o, ṣé lóòótọ́ ni wọn ò gbọ́? Ó ní nítorí pé lẹ́yìn Ajẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún ni òun wà, òun sì gbọ́ ọ ketekete. Sàídì bínú sí i, ó bi í bóyá ilé ìwé ni wọ́n ti kọ́ ọ láti máa bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Japheth bẹ̀ ẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. 

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kò sí àwáwí mọ́. Inú mọ́sálásí ni Àkíbù ti mú un, bí wọ́n ti kírun tán, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ gba ọ̀nà Bẹẹrẹ. Àkíbù ò sinmi lójú ọ̀nà bó ti máa ń sinmi. Ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ohun tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó ń sọ ibi tí òun yóò gbin kókò sí láàárín igi kòkó, ó ní Kúlúsúmù ti fẹ́ràn ibì kan lẹ́bàá odò tó fẹ́ fi gbin ata. Sàídì ń dáhùn ṣáá pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kòkó ni wọ́n sá kún àgbàlá Oyèdélé. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Àkíbù dúró, ó wò ó lórí ẹní, kò fọwọ́ kàn án. Oyèdélé gbà wọ́n dáadáa, ó ní kí Àkíbù má ṣe dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n fún un ní àpótí jókòó. Àkíbù sọ tẹnu rẹ̀, kò gùn. Ó ní bàbá òun ò gbọ́, ayọ̀ ló fà á, àwọn wá bẹ̀bẹ̀.

Bàbá arúgbó náà ò wo Àkíbù. Sàídì ló ń wò.

"Oko tèmi pọ̀, Àkíbù, mo sì ti darúgbó. Bí Sàídì ò bá gbọ́ mi lọ́jọ́ yẹn, ìdájọ́ náà ò mú un, kò sì mú ọ. Lọ́la ni n ó kó àwọn èèyàn mi kúrò níbẹ̀, kòkó tẹ́ ẹ rí lórí ẹní yìí, ẹ ó kó o lọ. Kí ó ṣáà fi Àlùkùráánì búra fún mi pé òun ò gbọ́."

Wọ́n gbé Ìwé náà wá nínú awọ rẹ̀, wọ́n gbé e síwájú Sàídì lórí ẹní. Àkíbù rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹni tí ẹrù fẹ́ bọ́ lórí rẹ̀ ni. Ó tẹ̀ síwájú lórí àpótí, ó ní, "Bàbá, ẹ fọwọ́ lé e ká máa lọ sílé."

Sàídì na ọwọ́. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó ń lọ. Gbólóhùn kan ni, ọ̀rọ̀ irọ́ tó ti sọ tẹ́lẹ̀ náà ni, oko á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ó rò pé bóyá Ọlọ́run á fojú fo ó, nítorí ẹlòmíràn ni òun fi ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ó rántí pé ìrun Jímọ̀ ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, àlùwàlá òun ò tíì bàjẹ́. Kí n má parọ́ fún yín pé òdodo ló wù ú. Ẹ̀rù ló bà á. Ẹ̀rù èèyàn ló dè é mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀rù Ọlọ́run ló dì í lọ́wọ́ mú lónìí, Àkíbù ló sì ń san gbèsè ẹ̀rù méjèèjì. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan.

"Mo gbọ́," ni Sàídì wí.

Oyèdélé mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ látọjọ́ yẹn. Ó ní kí wọ́n gbé Ìwé náà wọlé. Sàídì ò lè wo apá ibi tí Àkíbù wà. Ó gbọ́ bó ti ń mí, ó gbọ́ ikọ́ rẹ̀, ó gbọ́ tó fi igi kan ilẹ̀ tó ń dìde. Àkíbù dágbére fún Olóyè Oyèdélé bó ti yẹ, ó kí wọn kú ìsinmi, ó jáde.

Ní Ọjà'ba, Sàídì bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó ní kó wá mú nínú oko tòun, èyíkéyìí tó bá fẹ́, ó ní òun yóò ṣán igbó ibẹ̀ fún un, òun yóò gbin kòkó síbẹ̀ fún un. Àkíbù ń rìn lọ. Ọlọ́jà kan ń kígbe kí Sàídì lápá ọ̀tún, òmíràn ń kí i lápá òsì, wọ́n ní Ọlọ́run á dá olóyè tó fẹ́ràn mẹ̀kúnnù sí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Ọ̀rányàn ni Àkíbù tó dúró, ó sì wò ó.

"Lórí òkè lọ́hùn-ún, bàbá, bí ẹrù bá wọ̀ mí lọ́rùn, kòkó yẹn ni mo máa ń rò. Mo ń rò pé ẹ̀yin wà nídìí rẹ̀."

Ó yíjú padà, ó tún ń rìn lọ sílé.

Kúlúsúmù ti ń retí wọn. Ó ti gbálẹ̀ iwájú yàrá, ó ti se ọbẹ̀. Nígbà tó rí wọn, ó dìde, ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wo ojú Sàídì.  Sàídì mọ̀ pé ibí ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti tú síta, tí gbogbo ilé Alápó yóò gbọ́ ọ kí oòrùn tó wọ̀, ó sì yà á lẹ́nu pé ó fẹ́ kó tú síta, kó lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Àkíbù gbé igi rẹ̀ ti ògiri.

"Bàbá sọ ọ́ dáadáa," ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. "Wọ́n jà á títí. Olóyè Oyèdélé ló kọ̀."

Kúlúsúmù ò sunkún. Ó mí kanlẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó wá kúnlẹ̀ níwájú Sàídì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé kò fi àwọn sílẹ̀, pé Ọlọ́run á gbà fún un, pé ẹni tó lè bá èèyàn bí Olóyè Oyèdélé jà nítorí tálákà ò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ Ìbàdàn. Sàídì yanu láti sọ̀rọ̀. Ó wo Àkíbù, Àkíbù ti yíjú sí ògiri, ó ń bọ́ fìlà. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Obìnrin náà ní kí bàbá jókòó, wọn ò ní lọ láìjẹun nílé òun lónìí. Ó gbé ẹ̀kọ wá, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, ó fi ẹran tó wà nínú ìkòkò sí i, gbogbo rẹ̀. Àkíbù ní ebi ò pa òun, ó wọ yàrá lọ. Sàídì nìkan ló kù lórí ẹní, Kúlúsúmù sì dúró síwájú rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo bó ti ń bù ú jẹ.

Ó béèrè bóyá ọbẹ̀ náà dùn.

Sàídì ní ó dùn.